Ibodè àti Fàyàwọ́ ní Etíkun Àgbádárìgì

Nígbà tí mo gba ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá gbẹ̀yìn, èmi àti ìyá àgbàlagbà kan ni a jọ jókòó nínú ọkọ̀. Àpò àlùbọ́sà méjì ni ó ń gbé bọ̀ láti Kútọnu. Wọ́n ní kí olúkúlùkù wá sọ ohun tí ó gbé. Ìyá dáhùn pé, “Ṣé àlùbọ́sà kọ́ lẹ rí yìí?” Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mú mi ronú sẹ́yìn.

Òyìnbó kọ́ ni ó kọ́kọ́ gba owó ibodè lọ́wọ́ wa. Láyé àtijọ́, oníbodè a máa jókòó sí ẹnu odi ìlú, oníṣòwò tí ó bá ru ẹrù kọjá a sì san owó ẹyọ. Ṣùgbọ́n ẹnu odi ni ibodè yẹn wà. Kò la àárín ẹbí kọjá.

Ní oṣù kẹjọ 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Owó orí ọjà tí ọkọ̀ òkun ń já ni ìjọba tuntun náà gbára lé jù. Àwọn oníṣòwò kò sì gọ̀. Bí wọ́n bá já ọtí líle, tábà àti aṣọ sí Àgbádárìgì, tàbí sí Palma àti Lẹ́kí ní ìlà-oòrùn, ọ̀sà wà nílẹ̀ tí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n yóò fi gbé e wọlé láìfojú kan aṣọ́bodè Èkó. Ní oṣù kejì 1863, Gẹ̀ẹ́sì gba Palma àti Lẹ́kí. Ní oṣù keje, wọ́n gba Àgbádárìgì. Òpin òwò ẹrú ni a sábà máa ń gbọ́ pé ó fa irú èyí. N kò sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi, owó ibodè ni ìdí pàtàkì.

Síbẹ̀, òwò tún ṣí lọ sí ìwọ̀-oòrùn, sí Kútọnu àti Àjàṣẹ́ lábẹ́ Faransé, ọjà sì ń gba orí ọ̀sà kan náà bọ̀. Ní 10 oṣù kẹjọ 1889, ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn ní Paris, wọ́n sì fa ààlà sáàárín Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì. Ààlà yìí la ilẹ̀ àwọn Ògù, tí a ń pè ní Ẹ̀gùn, sí méjì. Ẹni tí ó ru ọjà lọ sí ìlú àna rẹ̀ di ẹni tí ó gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀. Bí kò bá kéde, ó di onífàyàwọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: fi àyà wọ́, bí ejò. Bí ènìyàn ṣe ń kọjá ni ó ń sọ. Kò sọ pé ó jalè.

Ìjọba Nàìjíríà ti ti ibodè yìí pa rí: láti 1984 di 1986, fún ọjọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2003, nítorí àwọn ọkọ̀ tí a ń jí gbé kọjá, àti láti oṣù kẹjọ 2019 di oṣù kejìlá 2020, nítorí ìrẹsì ní pàtàkì. Fàyàwọ́ ìrẹsì ń pa àgbẹ̀ wa lára, n kò lè bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba lórí ìyẹn. Àlùbọ́sà ńkọ́? Láti 1979 ni ECOWAS ti fẹnu kò pé irè oko àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀, tí a kò fi ẹ̀rọ yí padà, yóò máa kọjá láìsan owó ibodè.

Ìyá kò mọ ECOWAS. Kí a tó dé Àgbádárìgì, ìgbà mẹ́ta ni àwọn kan dá ọkọ̀ wa dúró, ìgbà mẹ́ta ni ó sì tú etí ìró rẹ̀ tí ó so owó mọ́. Kò sí ẹni tí ó fún un ní ìwé ẹ̀rí.