Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Bí Àwọn Dókítà Ṣe Ń Gba Ọrùn-Ọwọ́ Dé Ọkàn

Ẹ fi ìka méjì lé ọrùn-ọwọ́ yín, ní ìhà àtàǹpàkò. Ohun kan ń lù níbẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni. Ìtàn bí iṣan kékeré yìí ṣe di ọ̀nà ìgbẹ̀mílà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ọkàn ni ó ń pín ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, ṣùgbọ́n òun pàápàá ní láti jẹun. Àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó ń bọ́ ọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì, tí ó sì dí ọ̀kan nínú wọn, apá tí iṣan náà ń bọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí a kò bá tètè ṣí ọ̀nà náà, ikú lè dé.

Báwo ni a ó ṣe dé ibẹ̀ láì la àyà? Ní ọdún 1929, ní Eberswalde ní ilẹ̀ Jámánì, dókítà ọ̀dọ́ kan, Werner Forssmann, ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iṣan apá ara rẹ̀ títí ó fi dé ọkàn, ó sì rìn lọ sí yàrá X-ray kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Ní 1956, òun àti àwọn méjì mìíràn gba ẹ̀bùn Nobel. Ní 1977, ní Zurich, Andreas Grüntzig gba itan aláìsàn kan dé iṣan ọkàn tí ó ti fún. Ó fẹ́ bàlúù kékeré tí ó wà lórí rọ́bà náà, ọ̀nà sì là.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, itan ni ọ̀pọ̀ dókítà máa ń gbà, nítorí iṣan ibẹ̀ tóbi. Ṣùgbọ́n ó jìn sínú ẹran. Oògùn tí a ń fún aláìsàn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, òun kan náà ni ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà láti ojú ihò itan, nígbà mìíràn sínú ikùn, láìsí ẹni tí ó rí i.

Ní 1989, Lucien Campeau ní Montreal kọ ìròyìn 100 aláìsàn tí ó gbìyànjú láti gba ọrùn-ọwọ́ wọn ya àwòrán iṣan ọkàn. Ní 1992, Ferdinand Kiemeneij ní Amsterdam gba ibẹ̀ láti tún iṣan tí ó fún ṣe. Iṣan ọrùn-ọwọ́ kò jìn, egungun sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò dá. Bí ó bá sì dí, iṣan kejì wà ní ìhà ìka ọmọńdinrín tí yóò máa bọ́ ọwọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ó kéré, ó sì lè sún kì. Dókítà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ́ ọn lè pẹ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkàn tí ń kú kò ní sùúrù.

Èwo ni ó sàn jù? Wọ́n fi ọ̀nà méjèèjì wéra. Ìwádìí kan ní Ítálì, tí ó jáde ní 2012, wo 1,001 aláìsàn: láàrin 30 ọjọ́, àrùn ọkàn pa bí ẹni 9 nínú 100 tí a gba itan wọn, àti bí ẹni 5 nínú 100 tí a gba ọrùn-ọwọ́ wọn. Òmíràn ní Kánádà, ní 2020, wo 2,292, kò sì rí ìyàtọ̀ kan gbòógì nínú iye àwọn tí ó kú. Síbẹ̀, nígbà tí a kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ń dà kéré sí i ní ọrùn-ọwọ́, òun sì ni àwọn àgbà oníṣègùn ọkàn ní Yúróòpù ní kí a kọ́kọ́ gbà, bí ọwọ́ dókítà bá mọ́ ọn.

Ẹ má ṣe rò pé itan ti di ohun àpatì. Bí iṣan ọwọ́ bá kéré jù tàbí tí ó lọ́, ibẹ̀ ni a ó padà sí. Ọlọgbọ́n dókítà a máa mọ ọ̀nà méjèèjì. Tiwa ni pé bí àyà bá ń dun ènìyàn lójijì, tí òógùn bò ó, kí a má ṣe dúró de ọ̀la. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá. Ọ̀nà yòówù kí dókítà gbà, àkókò ni kò ṣeé rà padà.