Tí owó òkè òkun bá dáwọ́ dúró, ta ni yóò bọ́ ọmọ?



Lọ́dún 1859, Aláàfin Àtìbà wàjà l'Ọ́yọ̀ọ́. Kúrunmí ti Ìjàyè ní òun ò ní gba Adélù, ọmọ ẹ̀, lọ́ba. Ogun dé, Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́. Ìyàn mú Ìjàyè débi pé àwọn òbí kan kó ọmọ wọn fún àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, kí ebi má baà pa wọ́n. Ìjàyè fọ́ lọ́dún 1862, wọ́n kó àwọn ọmọ náà lọ sí Abẹ́òkúta.

Ṣùgbọ́n Gúúsù Amẹ́ríkà lowó wọn ti ń wá. Ogun abẹ́lé ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ náà lọ́dún 1861, torí ọ̀rọ̀ ẹrú. Ọ̀nà owó dí. Ọmọ tó sá fún ogun kan, ogun mìíràn tí kò mọ̀dí ẹ̀ tún bá a níbi àwo oúnjẹ.

Lọ́dún 1925, Ruth Kersey, nọ́ọ̀sì láti Amẹ́ríkà, tún dá ilé ọmọ aláìníyàá sílẹ̀ n'Ógbómọ̀ṣọ́. Oore ńlá ni, mi ò bú olóore o. Àmọ́ ẹnì kan ní í bímọ, igba èèyàn ní í wò ó. Ṣé àwa náà wà nínú igba yẹn?