Àmù tí Kò Làágùn Mọ́: Ìkòkò Ladi Kwali àti Àṣà Fífi Ìkòkò Ṣe Ilé Lọ́ṣọ̀ọ́

Bí a bá ka ìwé lórí àṣà fífi ohun amọ̀ ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, ìtàn àwọn ọba Yúróòpù ni a sábà máa ń bá pàdé níbẹ̀. Wọn a sọ bí Augustus tí ó jọba Saxony àti Poland ṣe kó 600 ọmọ ogun fún ọba Prussia ní 1717, tí ó sì gba 151 ohun tánńganran ilẹ̀ Ṣáínà ní pàṣípààrọ̀. Ìtàn náà dùn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó mú akẹ́kọ̀ọ́ rò pé àwọn òyìnbó nìkan ni wọ́n mọ ìkòkò kó jọ nítorí ẹwà. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, inú ààfin ọba kan ni ìkòkò obìnrin abúlé ti bọ́ sójú ẹni tí ó gbé e dé ojú ayé. Ìtàn yẹn ni a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí pé ó kan ohun kan tí ó ń jẹ wá lọ́kàn nípa ìkòkò tiwa.

Ní abúlé Kwali, ní ilẹ̀ àwọn Gbagyi tí a mọ̀ sí Gwárí, ni a bí Ladi Kwali ní nǹkan bí 1925. Ìbátan òbí rẹ̀ kan tí ó jẹ́ obìnrin ni ó kọ́ ọ ní ìkòkò mímọ láti kékeré. Kò lo ẹ̀rọ. Yóò fi ọwọ́ lu àárín amọ̀ títí yóò fi jin kòtò, yóò máa fi amọ̀ tí ó ti yí gbọọrọ gùn lé e, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa rìn yí ìkòkò po; ìkòkò kì í yí. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá ya àkeekèé, alángbá, ọ̀nì, ejò àti ẹyẹ sí i lára.

Alhaji Suleimanu Barau, Ẹ́míà Abuja (ìlú tí a ń pè ní Suleja láti 1976), kó irú àwọn ìkòkò yìí sí ààfin rẹ̀. Ibẹ̀ ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba amúnisìn gbà síṣẹ́, ti rí wọn ní 1950. Ní 1952 ó dá ibùdó ìkọ́ni ní iṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ ní Abuja. Ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín sì ni, nígbà tí ó jẹ́ pé obìnrin ni ó ń mọ ìkòkò láàrin àwọn Gbagyi tí ó yí ibẹ̀ ká. Òpin 1954 ni Ladi Kwali tó wọlé, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ìkòkò abúlé, ìta gbangba ni wọ́n ti ń fi igi àti koríko sun ún. Ara rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí. Omi inú rẹ̀ a máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì máa gbẹ ẹ́ lára ìkòkò. Gbígbẹ tí ó ń gbẹ yìí ni ó ń mú ooru lọ, tí omi tí ó kù nínú fi ń tutù. Ohun tí àwọn ìyá wa ń wí nìyẹn tí wọ́n bá ní àmù ń làágùn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó sì máa ń tutù jù. Ní Abuja, wọ́n gbé ìkòkò kan náà, tí ọwọ́ kan náà mọ, sínú ààrò tí ooru rẹ̀ ju ìwọ̀n 1,200 Sẹ́ńtígíréèdì lọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi amọ̀ funfun kún ojú ilà àwọn ẹranko ara rẹ̀, tí wọ́n sì ti da èròjà tí í yọ́ bí dígí bò ó. Nígbà tí ó bá jáde, ara rẹ̀ a máa dán, a dà bí ewé tàbí bí ilẹ̀ pupa. Ó rẹwà gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn ihò wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn ti dí. Omi tí a bá bù sínú rẹ̀ kò ní tutù ju ti inú korobá lọ.

A kò bá Cardew jà. Bí kò bá sí ààrò rẹ̀, àwọn òyìnbó tí wọ́n rọ́ wá wo àwọn ìkòkò náà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, 1959 àti 1962 kì bá tí rí wọn rà. Obìnrin tí kò jókòó ní kíláàsì rí gba oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní 1977. Ó kú ní 1984. Láti 2007 ni àwòrán rẹ̀ ti wà lẹ́yìn owó ogún náírà, ẹni tí ó bá sì ní ọ̀kan lápò lè yọ ọ́ wò. Ohun mìíràn tún wà: ní Abuja ni wọ́n ti ń tẹ LK, àmì orúkọ rẹ̀, sára ìkòkò rẹ̀. Ẹni tí ó ń kó ìkòkò jọ fẹ́ mọ ẹni tí ó mọ ọ́n. Ẹni tí ó ń ra àmù lọ́jà kì í béèrè.

Kì í sì í ṣe ọba nìkan ni ó ń kó ìkòkò jọ. Ní Wakefield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan wà tí ń jẹ́ W. A. Ismay. Láti 1955 títí ó fi kú ní 2001, ó ra ìkòkò, ife àti àwo tí ó lé ní 3,600, iṣẹ́ Cardew wà nínú wọn, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ilé kékeré kan. Owó oṣù bíi tiwa ni ó ń gbà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá ńkọ́? Àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ to àpáàdì sílẹ̀ níbùú lóòró títí ó fi di iṣẹ́ ọnà. Àbátàn, amọ̀kòkò Ọ̀kè-Odàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, mọ àwo ọta Erinlẹ̀ tí Robert Farris Thompson torí rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ ní 1969. Ṣùgbọ́n ojúbọ ni ti ìyẹn, kì í ṣe pálọ̀. Ohun tí a mọ̀ mọ́ ọ̀ṣọ́ ilé ní kékeré wa ni àwo tánńganran tí àwọn ìyá wa tò léra wọn dé òkè àjà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi jẹun. Àmù wà ní ìgun ilé, nínú òkùnkùn, lórí iyanrìn tútù. Kò sí ẹni tí ó pe ìyẹn ní ọ̀ṣọ́. Nígbà tí a da sìmẹ́ńtì sí ilé, wọ́n gbé e síta, adìẹ ni ó ń mumi nínú rẹ̀ kí ó tó fọ́. Títí di òní, a kò mọ ẹni tí ó mọ ọ́n.

Èyí ni ó fà á tí a fi ń kọminú sí ìbéèrè tí a máa ń ṣètò fún ìdánwò: "Dárúkọ oríṣi ìkòkò márùn-ún." Àwọn ọmọ á kọ àmù, orù, ìṣà, ìṣaasùn, agbada, wọ́n á gba máàkì wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tí omi àmù fi ń tutù, ẹnu á wọhò. Àwa olùkọ́ ni a jẹ̀bi, a ó sì fi tiwa ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, a ra àmù kan lọ́wọ́ ìyá arúgbó amọ̀kòkò kan ní Ìpetumodù fún ọjọ́ àṣà. Ó wù wá kí ó dán. A ra ọ̀dà olóróró, àwọn ọmọ kùn ún ní pupa àti funfun, wọ́n ya ejò àti alángbá sí i, a sì bu omi sí i kí àwọn àlejò lè rí omi àmù mu. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń rùn ọ̀dà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan a fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà títí ọwọ́ fi bó. Àmù náà kò làágùn mọ́. A gbé e padà lọ bá ìyá náà bóyá ó ní ọgbọ́n tí ó lè dá. Ó tọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fi ìka lù ú, ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, ta ni ẹ ní kó mumi nínú èyí?"

A ní, "Ìyá, a fẹ́ kí ó rẹwà ni."

Ó bi wá léèrè iye tí a ra ọ̀dà náà. A sọ fún un. Ó wojú wa, kò fọhùn: owó ọ̀dà náà ju owó àmù lọ.