Ìpá, Iṣẹ́ Abẹ àti Bíìlì: Ìtàn Owó Ìtọ́jú Àpò Ẹpọ̀n láàrin Àwọn Òṣìṣẹ́ Èbúté ní Àpápá, Tin Can àti Ajégúnlẹ̀ láti 1926

1. Ìfáàrà

Ìtàn èbúté Àpápá àti ti Tin Can kò ṣàjèjì sí àwọn tí ó ń kọ́ nípa ọrọ̀-ajé Nàìjíríà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kà ni iye ọkọ̀, ìwọ̀n ẹrù àti owó tí ó wọ àpò ìjọba. Ara àwọn tí ó ru ẹrù náà kì í sábà wọ inú ìṣirò. Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni àìsàn tí Yorùbá ń pè ní ìpá, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń tún àpò ẹpọ̀n ṣe, àti bíìlì tí ó ń tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ náà.

Àlàyé kan wà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àkọ́sórí: pé ìtìjú àti àìmọ̀kan ni ó ń mú kí ọkùnrin onípá jókòó sílé títí àìsàn rẹ̀ yóò fi burú. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ṣòkòtò ńlá sì máa ń bo ohun púpọ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tẹ̀lé ìtàn owó ìwòsàn ní agbègbè yìí láti 1926 títí di òní, yóò rí i pé ìtìjú nìkan kò tó láti fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà. Fún òṣìṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni wọ́n ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ètò ìsanwó tí ó ti kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ru ẹrù jù lọ ni orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan. Ìdádúró tí èyí ń fà ni ó ń sọ iṣẹ́ abẹ kékeré di ńlá.

2. Ohun tí Yorùbá ń pè ní ìpá

Orúkọ kan ni Yorùbá fún ohun tí ilé ìwòsàn pín sí mẹ́ta, ó kéré tán. Èkíní ni omi tí ó ń kó jọ yí kórópọ̀n ká. Èkejì ni ìfun tí ó gba ibi tí ògiri inú kò ti lágbára sọ̀ kalẹ̀ wá sínú àpò ẹpọ̀n. Ẹ̀kẹta ni wíwú tí aràn filaria ń fà, èyí tí ó lè mú kí awọ ibẹ̀ nípọn kí ó sì le bí awọ erin. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé aràn yìí kiri. Patrick Manson ni ó kọ́kọ́ rí aràn náà nínú ẹ̀fọn ní Amoy, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ní 1877. Ẹrù rírù kọ́ ni ó ń fa gbogbo wọn. Kò sí ohun tí ó pa á pọ̀ mọ́ aràn. Ṣùgbọ́n níbi tí ògiri inú kò bá ti lágbára tẹ́lẹ̀, agbára tí ènìyàn fi ń gbé ẹrù wúwo lè ti ìfun síta síwájú sí i.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn bíìlì, nítorí pé iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan ni iye tí ó ń náni. Iṣẹ́ abẹ omi kò le púpọ̀. Dókítà yóò la àpò náà, yóò fa omi rẹ̀, yóò sì yí awọ inú rẹ̀ padà ní ọ̀nà tí wọ́n fi orúkọ Jaboulay ará Faransé pè, tàbí kí ó ká a jọ ní ọ̀nà tí Lord gbé jáde ní 1964 kí ẹ̀jẹ̀ má baà pọ̀. Oògùn tí ń pa ibi kan ṣoṣo kú lè tó fún un, aláìsàn sì lè padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Iṣẹ́ abẹ ìfun náà ti ní ọ̀nà tí ó dúró sójú kan láti ìgbà Bassini ará Ítálì ní àwọn ọdún 1880. Bí wọ́n bá fi falẹ̀ ni ọ̀ràn máa ń yí padà. Ìfun lè há sínú àpò, kí ó sì kú síbẹ̀. Nígbà náà, wọn yóò gé èyí tí ó kú kúrò, wọn yóò sì so ìyókù pọ̀.

Èyí tí ó burú jù ni àrùn tí Jean Alfred Fournier ṣàpèjúwe ní Paris ní 1883, tí ó máa ń mú kí awọ àpò ẹpọ̀n rà láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ó lè ti ojú egbò tàbí ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọlé. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà sì ń ràn án lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé gbogbo awọ tí ó ti kú dànù. Lẹ́yìn èyí ni àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀. Bí awọ tí ó kù bá tó, wọn yóò fà á pọ̀ wọn yóò sì rán an, nítorí pé awọ ibẹ̀ máa ń nà. Bí kò bá tó, wọ́n lè fi kórópọ̀n pamọ́ sábẹ́ awọ itan fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí wọ́n bu awọ itan bò ó. Irú iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lórí ibùsùn, ẹ̀jẹ̀, oògùn olówó gọbọi, àti kí aláìsàn wọ tíátà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ilé ìwòsàn ńlá bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962, ni ó lè ṣe é.

3. Bíìlì tí ó ní nọ́ńbà àti bíìlì tí kò ní

Ní Amẹ́ríkà, ìwé nọ́ńbà iṣẹ́ dókítà tí American Medical Association kọ́kọ́ gbé jáde ní 1966 ni ó di ìpìlẹ̀ bíìlì. Nínú ìwé náà, àtúnṣe àpò ẹpọ̀n tí ó rọrùn ní nọ́ńbà 55175, èyí tí ó díjú ní 55180, iṣẹ́ abẹ omi ní ẹ̀gbẹ́ kan sì ní 55040. Ìdí tí nọ́ńbà fi wúlò ni pé ẹlòmíràn ni ó sábà máa ń san owó náà: ilé-iṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń sanwó fún. Ní Bìrìtéènì láti ọjọ́ 5, oṣù Keje, 1948, ìjọba ni ó ń sanwó, aláìsàn kì í sì í fojú rí bíìlì iṣẹ́ abẹ.

Ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìtàn yìí, aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ó ń sanwó. Nítorí náà bíìlì rẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà kan; àkọsílẹ̀ gígùn ni: owó káàdì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àsansílẹ̀, owó bẹ́ẹ̀dì, owó tíátà, oògùn ìkunnilóorun, òwú ìrán ara, bándéèjì, omi ìfàsára, àti ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ẹbí yóò wá fi sílẹ̀. Ẹni tí ó bá rí méje san nínú mẹ́wàá kò tíì rí nǹkan kan san.

4. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, 1926–1975

Kí Àpápá tó di èbúté ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó yẹ kí a san owó fún ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ náà. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, gbé ẹjọ́ dé ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá a láre ní 1921 pé ó yẹ kí ìjọba san owó ilẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín. Ní 1926, ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ ńlá mẹ́rin àkọ́kọ́ parí. Ní 1955 ni àjọ tí ó ń ṣàkóso èbúté, Nigerian Ports Authority, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Oríṣi òṣìṣẹ́ méjì ni èbúté ní. Àwọn kan wà lórí owó oṣù. Bí àìsàn bá ṣe wọ́n, ìwé ilé-iṣẹ́ ni wọn yóò mú lọ sí ilé ìwòsàn, bíìlì yóò sì dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ní ìparí oṣù. Àwọn kejì ni lébìrà tí wọ́n ń yàn lẹ́nu ọ̀nà ní òwúrọ̀, tí wọ́n sì ń gba owó iṣẹ́ ọjọ́ wọn. Ajégúnlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé, nítorí pé ó súnmọ́ èbúté, ilé ibẹ̀ kò sì wọ́n: Yorùbá, Ìlàjẹ, Íjọ̀, Ùròbò, Ìgbò àti Haúsá ni wọ́n jọ ń gbé pọ̀ níbẹ̀.

Òfin owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní 1941 yẹ kí ó ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìjàm̀bá ni òfin náà mọ̀: irin tí ó já lu ènìyàn, okùn tí ó já, ẹsẹ̀ tí ó yẹ̀. Ìpá kì í ní ọjọ́. Ẹni tí ìfun rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kò lè tọ́ka sí òwúrọ̀ kan tàbí ẹrù kan. Lébìrà tí ó sì ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọ̀gá láàrin oṣù kan kò mọ èyí tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá.

5. Sìmẹ́ńtì, Tin Can àti ìtọ́jú ọ̀fẹ́, 1975–1983

Ní 1975, sìmẹ́ńtì tí ìjọba àpapọ̀ rà ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù. Ọkọ̀ tí ó lé ní 400 sì dúró lójú omi Èkó, wọn kò rí ibi gúnlẹ̀ sí. Àpò kan jẹ́ kílógíráàmù 50, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ó sì gba orí àti èjìká ènìyàn kọjá. Hílàhílo yìí ni ó bí èbúté Tin Can, tí wọ́n kọ́ kíákíá tí wọ́n sì ṣí ní oṣù Kẹwàá, 1977. Ní 1979, ìjọba ṣe òfin tí yóò mú kí wọ́n kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ inú èbúté sílẹ̀. Ìgbésẹ̀ tí ó dára ni, ṣùgbọ́n kò kan àwọn tí ó ń ru ẹrù lẹ́yìn géètì, nínú ọjà àti nídìí ọkọ̀ akẹ́rù.

Ní ọdún 1979 kan náà ni Lateef Jakande di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà lára ìlànà mẹ́rin tí ẹgbẹ́ òṣèlú U.P.N. gbé kalẹ̀. Nínú gbogbo ètò tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò, èyí nìkan ni kò béèrè ibi tí aláìsàn ti ń ṣiṣẹ́. Lébìrà ọjọ́ kan àti akọ̀wé èbúté lè tò sórí ìlà kan náà ní ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀. Èrò pọ̀, oògùn sì máa ń tán. Síbẹ̀ ìlànà náà fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ya àìsàn ara sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé iṣẹ́.

6. Ìgbà tí bíìlì padà sọ́wọ́ aláìsàn, 1984–2005

Ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 1983, àwọn ológun gbàjọba. Nínú ìkéde wọn pàápàá, wọ́n ṣàròyé pé ilé ìwòsàn ti di ibi àyẹ̀wò lásán tí kò ní oògùn. Lábẹ́ ìjọba ológun yìí ni owó padà dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ìjọba. Ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti 1986 tẹ̀ lé e. Ní 1985, náírà kan níye lórí ju dọ́là kan lọ. Nígbà tí ó fi di 1987, nǹkan bíi náírà mẹ́rin ni wọ́n ń san fún dọ́là kan. Òwú ìrán ara, oògùn ìkunnilóorun àti ìbọ̀wọ́ ti òkè òkun wá. Nítorí náà owó ilẹ̀ òkèèrè ni ó ń pinnu iye tí ìpá ará Ajégúnlẹ̀ yóò náni. Nínú oṣù Kẹsàn-án, 1987, àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà fẹnu kò ní Bamako pé kí àwọn ará ìlú máa san nínú owó oògùn, kí owó náà lè máa yípo. Fún ibà, ó ṣeé rí san. Fún iṣẹ́ abẹ, kò rí bẹ́ẹ̀.

Àjọ, èsúsù, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ilé ìjọsìn ni ó wá di ilé-iṣẹ́ adójútòfò àwọn tálákà. Alágbo náà ń tajà lẹ́nu ọ̀nà èbúté, ó sì ní ohun kan tí ilé ìwòsàn kò ní: ó ń ta ìwọ̀n tí owó ọjọ́ kan lè rà. Kì í ṣe àìmọ̀kan nìkan ni ó ń gbé lébìrà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ lónìí kò ní jẹun lónìí. Owó iṣẹ́ abẹ kọ́ ni ó ṣòro jù fún un, bí kò ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí mẹ́fà tí wọn yóò ní kí ó má gbé ẹrù. Kò sí bíìlì tí ó kọ ìyẹn sílẹ̀.

7. Adójútòfò àti kọ̀ńténà, láti 2005

Òfin adójútòfò ìlera jáde ní 1999; ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní 2005 pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ń gba iye kan lórí orí kọ̀ọ̀kan. Fún iṣẹ́ abẹ, ilé-iṣẹ́ alábòójútó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún wọn ní nọ́ńbà àṣẹ. Nọ́ńbà dé Àpápá nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ó ní iṣẹ́ oṣù ni ó kọ́kọ́ dé. Ní nǹkan bí 2006, ìjọba fi àwọn èbúté lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àjọ èbúté sì pàdánù iṣẹ́ oṣù wọn. Kọ̀ńténà àti ẹ̀rọ dín ẹrù orí kù nínú èbúté, ṣùgbọ́n ní ojú ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù kọ̀ńténà, àti ní ọjà Boundary ní Ajégúnlẹ̀, alábàárù ṣì ń ru ẹrù.

Òfin gbà-máà-bínú tuntun ti 2010 fẹ ààbò lójú dé àrùn tí iṣẹ́ ń fà. Òfin ìlera ti 2014 ní kí ilé ìwòsàn má ṣe kọ ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì. Ẹni tí ó bá kọ̀ lè san 100,000 náírà tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún onípá. Nígbà tí ìfun rẹ̀ ṣì ń wọlé tí ó ń jáde, òfin kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí ìfun bá há tí ó sì ń kú ni òfin tó dá a mọ̀, ọjọ́ náà sì ni iṣẹ́ abẹ rẹ̀ di ńlá. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin adójútòfò tirẹ̀ ní 2015, òfin àpapọ̀ ti 2022 sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Lórí ìwé, lébìrà ti wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ọ̀gá tí yóò yọ owó kúrò nínú owó oṣù rẹ̀ ni yóò fúnra rẹ̀ san owó ọdún kan kí àìsàn tó dé, àfi bí ìjọba bá kà á mọ́ aláìní.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí kò sọ pé ìtìjú kò sí. Ohun tí ó fi hàn ni pé ìtìjú kì í dá ṣiṣẹ́. Ọkùnrin tí bíìlì ti dá padà lẹ́ẹ̀kan kò ní tètè padà lọ bọ́ ṣòkòtò níwájú àwọn àlejò lẹ́ẹ̀kejì. Láti ìgbà ìwé ilé-iṣẹ́ títí di ìgbà nọ́ńbà àṣẹ, ìwé iṣẹ́ ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn tíátà; ọdún mẹ́rin ìtọ́jú ọ̀fẹ́ nìkan ni ó yàtọ̀ gedegbe, àwọn ọdún náà sì yẹ fún ìwádìí jíjinlẹ̀ ju bí àwọn òpìtàn ti ṣe lọ. Bí òfin 2022 yóò bá ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ sí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, ibi tí wọn yóò ti mọ̀ ni ọ̀dọ̀ alábàárù ọjà Boundary: bóyá ó rí iṣẹ́ abẹ kékeré gbà nígbà tí àìsàn rẹ̀ ṣì kéré.