Orúkọ Tó Gba Ẹnubodè Wọlé: Sòmálì Nínú Ìlú Harar

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí gbogbo wa ti ṣe rí: kíkún fọ́ọ̀mù lórí fóònù. Ó máa ń béèrè orúkọ yín, lẹ́yìn náà orúkọ ìdílé. A kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ọmọ Harar tó bá ṣí lọ sí Toronto ní láti ronú. Lọ́dọ̀ wọn nílé, orúkọ tirẹ̀ ló ṣáájú, ti bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ti bàbá bàbá rẹ̀ sì tẹ̀ lé ìyẹn. Tí fọ́ọ̀mù bá fi dandan lé e, orúkọ bàbá tàbí ti bàbá àgbà á di orúkọ ìdílé lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Báyìí náà ni àwọn Sòmálì tó jẹ́ aládùúgbò wọn ṣe ń jẹ́ orúkọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ní Etiópíà náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká yẹ̀ wò lónìí rèé: nínú orúkọ ará Harar, ibo ni Sòmálì parí sí, ibo ni Harar ti bẹ̀rẹ̀?

Nígbà tí mo ń múra ètò yìí sílẹ̀, mo fa ìlà sí àárín ojú ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà. Mo kọ Harar sí apá kan, mo kọ Sòmálì sí èkejì, mo wá ń pín orúkọ sí méjèèjì. Ahmad ńkọ́? Abdullahi ńkọ́? Nur ńkọ́? Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ wọ̀nyí ni. Kò pẹ́ tí mo fi pa ìlà náà rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìlú yìí dáadáa. Ìlà oòrùn Etiópíà ni Harar wà. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pe ìlú wọn ní Gey, èyí tó túmọ̀ sí "ìlú" lásán. Gey Usu' ni ọmọ ìlú, Gey Sinan sì ni èdè ìlú. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí orúkọ baba ńlá kankan nínú rẹ̀. Èdè náà bá Amharic tan, kò bá èdè Sòmálì tan tímọ́tímọ́. Ní ọdún 1855, Richard Burton, òyìnbó ará Bìrìtìkó, dé ibẹ̀ láti èbúté Zeila ní etíkun Sòmálì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú odi nìkan ni wọ́n ti ń sọ èdè náà.

Odi yẹn ni wọ́n ń pè ní Jugol. Emir Nur ló mọ ọ́n ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ó sì dá ẹnubodè márùn-ún sí i. Ẹni tó bá ń mọ odi nítorí ìkórìíra àlejò kò ní dá ọ̀nà márùn-ún sí i. Ọjà ló ń gbọ́ bùkátà Harar, ọjà náà sì ń gba ilẹ̀ Sòmálì kọjá kó tó dé òkun. Oníṣòwò tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn láyọ̀ nílò abban, ìyẹn alágbàwí tó máa dúró fún un láàárín àwọn ará ọ̀nà.

Ní báyìí, ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré kan: aw. Ní Gey Sinan, bàbá ni aw, wọ́n sì tún ń fi ṣáájú orúkọ àwọn ẹni mímọ́, bíi Aw Abadir tí àwọn ará ìlú kà sí alábòójútó Harar. Lọ́dọ̀ àwọn Sòmálì, aw ni wọ́n ń fi pe ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀sìn, bí àwa ṣe ń sọ pé àfáà. Ibojì Aw Barkhadle wà nítòsí Hargeisa. Ẹni tó bá ti Hargeisa wọ Harar, tó gbọ́ "Aw Abadir", kò nílò ògbufọ̀ kó tó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìnagijẹ náà ń sọ tirẹ̀. Imam Ahmad ibn Ibrahim al-Ghazi, tó ti Harar gbógun lọ bá ọba Etiópíà, tó sì kú sójú ogun ní 1543, ní ìnagijẹ méjì tí ayé mọ̀. Gurey ni àwọn Sòmálì ń pè é, Gragn ni àwọn tó ń sọ Amharic ń pè é. Ìtumọ̀ kan náà ni: ọlọ́wọ́ òsì. Ìwé Futuh al-Habasha, tí a kọ nípa ogun rẹ̀, dárúkọ àwọn ìdílé Sòmálì tó wà nínú ọmọ ogun rẹ̀. Títí dòní, àwọn Sòmálì ní tiwọn ni, àwọn ará Harar náà ní tiwọn ni.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìwé àtijọ́ nìkan. Ní 1887, Menelik Kejì gba Harar lọ́wọ́ Emir Abdullahi, agbára sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìlú. Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, àwọn kan nínú wọn dara pọ̀ mọ́ Somali Youth League. Ní 1948, wọ́n rán aṣojú lọ sí Mogadishu láti gbé ẹ̀dùn ọkàn wọn síwájú ìgbìmọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè alágbára mẹ́rin. Kulub-Hannolatto ni a mọ ìgbìyànjú náà sí. Kulub ni ẹgbẹ́. Èdè Sòmálì ni hannolatto, ó sì túmọ̀ sí "kó pẹ́ láyé". Àwọn ọmọ Gey tó ní èdè tiwọn nínú odi tiwọn ló fi ọ̀rọ̀ aládùúgbò ṣe igbe ìrètí.

Ìjọba Haile Selassie kò fi ojú rere wò ó. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sẹ́wọ̀n, wọ́n gba dúkìá lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Ọ̀pọ̀ ìdílé fi odi sílẹ̀, wọ́n lọ sí Addis Ababa àti ìlú mìíràn. Lójú ìjọba, ẹni tó bá pariwo ní èdè Sòmálì ti di Sòmálì, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ mọ́. Ìlà tí mo fà sórí kọ̀ǹpútà mi ni àwọn fà sí ayé àwọn ènìyàn, tiwọn kò sì ṣeé pa rẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹn.

Lónìí, Harar ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀ lábẹ́ òfin Etiópíà ti 1995, UNESCO sì ti fi odi Jugol sára ogún àgbáyé láti 2006. Mo wá ń rò ó pé ẹni tó ń kún fọ́ọ̀mù yẹn ní Toronto kò parọ́ tó bá kọ orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ síbẹ̀. Àmọ́ àpótí náà kéré. Kò gba abban tó mú bàbá ńlá dé ọjà láyọ̀, kò sì gba igbe tó gbé ẹlòmíràn dé ẹ̀wọ̀n.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún pàdé ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ jọ ti ẹ̀yà méjì, ẹ má bi í pé èwo gan-an ni. Ẹ ní kó sọ ìtàn ẹnubodè tó gbà wọlé.