Ẹran Màlúù Sísun, Ọtí Wáìnì àti Ọ̀rọ̀ Àyálò



Ní ọjọ́ Àìkú kan tí àbúrò bàbá mi wá kí mi, mo sun ẹran màlúù nínú ófùn. Nígbà tí mo gbé e jáde, mo da ọtí wáìnì pupa sí omi ẹran tó kù nínú àwo irin, mo fi ṣíbí onígi ha ìdí àwo náà, mo sì jẹ́ kí ó hó títí ó fi ki, ó di ọbẹ̀. Bàbá jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá ìka, lẹ́yìn náà ni wọ́n bá mi wí. Oúnjẹ kọ́ ló bí wọn nínú, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni. "Ófùn! Wáìnì! Irú wá, ògìrì wá ni Yorùbá tìrẹ. Ṣé o rí i kí Gẹ̀ẹ́sì máa tọrọ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú. A kì í bá àgbà jiyàn nídìí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé oúnjẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán gan-an ni ìdáhùn rẹ̀.

Ní ọdún 1066, William, olórí ilẹ̀ Normandy, la òkun kọjá, ó ṣẹ́gun Ọba Harold ní Hastings, ó sì gorí ìtẹ́ Ìlú Ọba. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, Faransé ni èdè ààfin àti ti àwọn ìjòyè. Àwọn mẹ̀kúnnù tí ń da ẹran kò fi èdè wọn sílẹ̀: "cow" àti "ox" ni wọ́n ń pè é ní pápá. Nígbà tó bá dé orí tábìlì àwọn ọlọ́lá, orúkọ Faransé ló ń jẹ́. Ibẹ̀ ni "beef" ti wá. Ibẹ̀ náà ni "roast" àti "sauce" ti wá. Walter Scott sọ ìtàn yìí di olókìkí nínú ìwé Ivanhoe ní ọdún 1819, ṣùgbọ́n kí a má ṣe àsọdùn: ìyàtọ̀ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ kan. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, a ṣì rí "beeves" fún màlúù alààyè tí a mú wá fún ìrúbọ. Àwa ní tiwa, "ẹran" là ń pe èyí tí a so mọ́ èèkàn, "ẹran" náà là ń pe èyí tó wà nínú ìkòkò.

Wáìnì ńkọ́? Látìnì ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá orúkọ rẹ̀, kí William tó dé rárá. Ọtí náà fúnra rẹ̀ ń ti òkèèrè wá. Ní 1152, Henry fẹ́ Eleanor tó ni ilẹ̀ Aquitaine. Ní 1154 ó di ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bordeaux sì wà lábẹ́ àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì títí di 1453. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó wáìnì ibẹ̀ wá sí Ìlú Ọba.

Nígbà tó di ọ̀rúndún kejìdínlógún, tí ogun pọ̀ láàrin Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ẹran màlúù sísun ṣe ohun ìyangàn. Ní 1731, Henry Fielding kọ orin ìyìn rẹ̀ sínú eré orí ìtàgé. Ní 1747, Hannah Glasse bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn alásè Faransé nínú ìwé ìdáná rẹ̀: ó ní òun gbọ́ nípa ọ̀kan tó fi pọ́n-ùn bọ́tà mẹ́fà dín ẹyin méjìlá, nígbà tí ìlàjì pọ́n-ùn ti tó. Ní 1748, William Hogarth ya àwòrán ẹnubodè Calais, níbi tí wọ́n ti mú un pé amí ni. Nínú àwòrán náà, tó wà ní Tate Britain ní Lọ́ńdọ̀nù, alásè kan gbé ìtì ẹran màlúù ràgàjì, àwọn ṣọ́jà Faransé tó rù hangogo sì ń wò ó.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ohun tí wọ́n fi ń bú Faransé, orúkọ Faransé ló ń jẹ́! Àwọn Faransé pàápàá gba "roast" lọ́wọ́ ẹ̀yà Frank, tí èdè wọn bá Jámánì tan. Nígbà tó yá, wọ́n tún gba ọ̀rọ̀ náà padà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pè é ní "rosbif", wọ́n sì fi ṣe orúkọ ẹ̀fẹ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Ìsè náà kò dúró sójú kan: láyé Hogarth, ọ̀pá irin ni wọ́n fi ń gún ẹran, tí wọ́n á máa yí i níwájú iná. Lónìí, ófùn ló ń ṣe iṣẹ́ náà, orúkọ kò yí padà.

Nítorí náà, n kò tijú "wáìnì". Ó wà nínú Bíbélì Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀, èyí tí Bàbá ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùbọ́sà tí mo fi ra ẹran náà, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni orúkọ rẹ̀ ti gba ọwọ́ Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní àlejò mọ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù yàtọ̀ sí èyí. A ní sísun, a ní yíyan, a ní díndín, a ní bíbọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iná tirẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé òun fẹ́ "fry" ẹyin kò yá ohun tí kò ní; ó ń sọ ohun tó ní nù. Níbi yìí, ìbáwí Bàbá tọ́, mo sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ ń pe ófùn nílé yín? Ó dìgbà kan ná.