Ìtàn Ọ̀rọ̀-Ìṣe «Read»: Láti Orí Ìmọ̀ràn Dé Orí Ìwé

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ka ìpínrọ̀ kan já geere, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Mo ní kí ó sọ ohun tí ó kà fún wa. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ǹjẹ́ a lè sọ pé ó kàwé? Bí a bá bi ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì náà, «read», ní ìtàn ara rẹ̀, yóò ní rárá.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ ṣáájú ọdún 1100, «rǣdan» ni ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé kíkà wà lára ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ kí á gbani nímọ̀ràn, kí á túmọ̀ àlá tàbí ọ̀rọ̀ tó díjú. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni «riddle», èyí tí àwa ń pè ní àlọ́ àpamọ̀. Àwọn ará Jámánì ṣì ń lo ìbátan rẹ̀, «raten», fún ìmọ̀ràn àti ìméfò. Fún ìwé kíkà, «lesen» ni tiwọn, èyí tí ó tún jẹ́ kí á ṣa nǹkan jọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni «legere» nínú èdè Látìnì.

Ọba Ethelred, tí ó gorí ìtẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 978, ru ọ̀rọ̀ yìí nínú orúkọ rẹ̀: «Æthelræd», ìmọ̀ràn ọlọ́lá. Ṣùgbọ́n orúkọ kò ro ọba yìí. Ní 991, wọ́n fi fàdákà 10,000 pọ́n-ùn bẹ àwọn ajagun láti Dẹ́ńmáàkì. Wọ́n gbà á, wọ́n sì tún padà wá. Ní 1002, ó ní kí wọ́n pa àwọn ará Dẹ́ńmáàkì tí ń gbé ilẹ̀ rẹ̀. Ní 1013, Sweyn, ọba Dẹ́ńmáàkì, gba ìtẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn tó dé lẹ́yìn ikú rẹ̀ wá fi orúkọ náà ṣẹ̀fẹ̀: «Unræd», aláìnímọ̀ràn. Lónìí, «Unready» ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ sì rò pé aláìmúrasílẹ̀ ni wọ́n pe ọba. Wọ́n ka orúkọ náà, wọn kò mọ ohun tí ó wí.

Àwa Yorùbá ń ka owó, a sì ń ka ìwé. «Kà» kan náà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ka ọ̀rọ̀ bí ẹni ka owó ẹyọ, ọ̀kan kò sì dín. Àlọ́ inú rẹ̀ ni kò já. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, bí ọmọ bá kàwé tán, ẹ má tètè yìn ín. Ẹ bi í pé kí ni ó gbọ́ níbẹ̀.